Tẹ́ Ẹ Bá Fẹ́ Ra Báàgì Ẹ̀yìn Ńlá Tẹ́ Ẹ Máa Lò Lójò Lẹ́ẹ̀rùn, Ẹ Ka Èyí Kẹ́ Ẹ Tó Lọ Sọ́jà

Gbogbo ìgbà tí ìwé ìpè àwọn àgùnbánirọ̀ bá ti jáde, tàbí tí Poli wa níbí l'Ọ́ffà bá fẹ́ wọlé, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn máa ń bi mí: báàgì wo la lè rà tó máa gba gbogbo ẹrù, tó máa ṣeé gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí kò sì ní já kí ọdún tó yí po? Èmi náà ń gbé ẹrù káàkiri nítorí iṣẹ́ ìròyìn: kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà alágbèéká, aṣọ ọjọ́ mẹ́ta, omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ìdáhùn jọ síbi kan, kẹ́ ẹ lè tọ́jú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó ń lọ sí káńpù.

Báàgì tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ sí báàgì iléèwé. Èyí tó ga láti ìdí dé ẹ̀yìn orí ni, tó ní okùn èjìká méjì, tó ní bẹ́líìtì fífẹ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ ìbàdí, tó sì ní irin pẹlẹbẹ tàbí ike líle tí wọ́n rán mọ́ inú ibi tó kan ẹ̀yìn. Irin tàbí ike yẹn ni mo máa pè ní eegun báàgì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà ńlẹ̀, àlàyé ni ìyókù: báàgì ńlá tí kò bá lè gbé ẹrù kúrò léjìká lọ sí ìbàdí, àpò lásán ni, bó ti wù kó wọ́n tó.

KÍ LÓ DÉ TÍ EEGUN FI WÀ NÍNÚ Ẹ̀?

Ẹ wo ìyá tó pọn ọmọ. Kò gbé ọmọ kọ́ èjìká. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó fi ìró ká a, ó wá fi ọ̀já di ìdí ọmọ náà mọ́ òkè ìbàdí ara ẹ̀. Ìbàdí ló ń gba ìwúwo ọmọ, ẹsẹ̀ ló sì ń gbé e. Ìdí nìyẹn tí obìnrin fi lè pọn ọmọ lọ sọ́jà, kó dé, kó tún dáná, láì jẹ́ pé èjìká ń ro ó. Àwa ọmọ Ìjàkadì tiẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni agbára èèyàn wà. Ẹni tí ìbàdí ẹ̀ ò bá dúró, ilẹ̀ ló máa bá ara ẹ̀.

Bẹ́líìtì ìbàdí ni ọ̀já báàgì. Eegun inú ẹ̀ ló ń mú kí ìwúwo tó wà lókè sọ̀kalẹ̀ wá sórí bẹ́líìtì yẹn. Tí eegun bá dáa, tí bẹ́líìtì sì wà níbi tó yẹ kó wà, ìbàdí ló máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo, iṣẹ́ èjìká ò ní ju kó di báàgì mú kó má bàa fì sẹ́yìn. Tí kò bá sí eegun, báàgì á ká bí ẹní tí wọ́n fi omi sí, gbogbo ìwúwo á rọ̀ mọ́ èjìká, ọrùn á máa ro yín, ẹ̀yìn á máa ta yín, ẹ ó sì máa tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀.

Láyé àtijọ́, ìta ni wọ́n ń fi eegun báàgì sí. Ní 1952, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Dick Kelty bẹ̀rẹ̀ sí í ta báàgì tí wọ́n so mọ́ férémù alumíníọ̀mù, ó sì gbayì gan-an. Ní 1967, ará Amẹ́ríkà míì tó máa ń gun òkè, Greg Lowe, ṣe èyí tí eegun ẹ̀ wà nínú, kí báàgì lè lẹ̀ mọ́ ara, kó má máa fì sọ́tùn-ún sósì. Fún àwa tí à ń há ara wa mọ́ inú ọkọ̀ èrò, ti inú yìí ló bá wa mu jù. Férémù tó bá yọ síta á máa kọ́ aṣọ ẹlòmíì, á máa gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀, ìjà ni.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ò ṣàjèjì sí wa o. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Gáná pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ ló sì padà wálé pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè gbé. Ní January 1983, ìjọba Shagari níbí náà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, àwọn ará Gáná ló pọ̀ jù nínú wọn, ibẹ̀ sì ni àpò alágbára onílà wàjàwàjà yẹn ti gba orúkọ Ghana Must Go. Àpò yẹn dáa fún kíkó ẹrù sí. Ṣùgbọ́n gbígbé ẹ̀ ni wàhálà, torí pé orí tàbí ọwọ́ ló wà fún.

ṢÉ Ẹ NÍLÒ Ẹ̀ LÓÒÓTỌ́?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kẹ́ ẹ tó bèèrè iye owó, ẹ kọ́kọ́ wo irú ìrìn tẹ́ ẹ máa ń rìn. Tó bá jẹ́ pé láti yàrá dé búùtù mọ́tò, láti búùtù dé yàrá míì, ni ẹrù yín ń lọ, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Báàgì onítáyà á ṣe é.

Ẹni tí báàgì yìí wà fún ni ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹrù. Àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí abúlé tí mọ́tò kì í kọjá oríta wà lára wọn. Òṣìṣẹ́ ìlera tó ń gbé oògùn àti ìwé lọ sí oko wà lára wọn. Ọmọ Poli tó ń gbé ní ìta ọgbà, tó ń tilé bọ̀ pẹ̀lú gààrí, ìwé àti aṣọ, wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó fẹ́ràn ìgbafẹ́: àwọn tó ń lọ wo ìtàkìtì omi Òwu ní Ọ̀wá Kájọlà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, tàbí ti Erin-Ìjẹ̀ṣà, tàbí àwọn tó fẹ́ gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tó lé ní 600. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ wọ́ báàgì onítáyà níbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó! Kódà láàárín ìlú wa níbí, tí òjò bá ti rọ̀, tí ilẹ̀ pupa di ẹrẹ̀, táyà kékeré yẹn ò ní yí mọ́.

BÁWO LÓ ṢE YẸ KÓ TÓBI TÓ?

Lítà ni wọ́n fi ń wọn báàgì yìí. Kó lè yé wa, ẹ rántí kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tá a fi ń pọnmi, èyí tó gba lítà 25. Báàgì lítà 50, ẹrù kẹ́ẹ̀gì méjì nìyẹn. Báàgì lítà 75, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta.

Lítà 40 sí 50 tó fún ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan. Lítà 55 sí 65 ló tó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní káńpù àgùnbánirọ̀, tẹ́ ẹ bá ń fọ aṣọ. Lítà 70 lọ sókè wà fún ẹni tó ń gbé àgọ́, ìkòkò àti oúnjẹ rìn.

Fún ẹni tó fẹ́ fi báàgì kan ṣe gbogbo ọdún, ìmọ̀ràn tèmi ni lítà 55 sí 65. Àlàfo tó bá ṣẹ́ kù nínú báàgì, ẹ máa rí nǹkan kì bọ̀ ọ́, bí èèyàn ṣe rí nìyẹn, ẹ̀yin náà lẹ sì máa gbé e. Àmọ́ ẹ rí i pé báàgì náà ní okùn ìfúnpọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Okùn yẹn lẹ máa fà tí ẹrù ò bá pọ̀, kí báàgì lè fún mọ́ra, kí ẹrù má máa gbọ̀n kiri nínú ẹ̀.

Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára báàgì gbọ́ o. Mo ti rí "80L" lára èyí tí kò tó ìdajì ẹ̀. Ẹ mú téèpù télọ̀ dání, ẹ wọn gíga, fífẹ̀ àti jíjìn ẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ lórí ara wọn, kẹ́ ẹ wá fi 1,000 pín in. Báàgì tó ga ní 70, tó fẹ̀ ní 35, tó jìn ní 25, bíi lítà 61 ni. Èyí tó ga ní 60, tó fẹ̀ ní 30, tó jìn ní 20, lítà 36 péré ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i lára.

GÍGÙN Ẹ̀YÌN YÍN LẸ MÁA WỌ̀N

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò rárá nìyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Èèyàn lè ga kí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, kí ẹ̀yìn ẹ̀ kúrú. Ẹlòmíì lè kúrú kí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn. Báàgì ò mọ gíga yín, ẹ̀yìn yín ló mọ̀.

Ẹ tẹ orí ba, ẹ fọwọ́ tọ́ ẹ̀yìn ọrùn, ẹ máa bá eegun kan tó yọ sókè níbi tí ọrùn ti pàdé èjìká. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, kí àtàǹpàkò wà lẹ́yìn. Eegun líle tí ọwọ́ yín gbé lé ni òkè ìbàdí. Ibi tí àtàǹpàkò méjèèjì dojú kọ ara wọn lórí ọ̀pá ẹ̀yìn ni òpin. Kí ẹlòmíì bá yín fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 40 sí 53.

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ wọn báàgì náà láti ibi tí okùn èjìká ti bẹ̀rẹ̀ dé àárín bẹ́líìtì ìbàdí. Ó yẹ kó sún mọ́ iye tẹ́ ẹ rí lára yín. Tó bá gùn jù, bẹ́líìtì á bọ́ sórí ìdí. Tó bá kúrú jù, á gun orí ikùn, á máa fún yín níbi tí ò sí eegun. Àwọn báàgì kan wà tí okùn èjìká wọn ṣeé sún sókè sún sálẹ̀. Ẹ fojú sí irú wọn, pàápàá tó bá jẹ́ pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló máa lò ó nínú ilé. Wọ́n tún máa ń ṣe ti obìnrin lọ́tọ̀. Okùn èjìká tiẹ̀ máa ń sún mọ́ra, bẹ́líìtì ẹ̀ sì máa ń gba bí ìbàdí obìnrin ṣe rí.

ÌDÁNWÒ PURE WATER

Báàgì tí nǹkan ò sí nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa ń dùn ún gbé. Ẹ má sanwó báàgì tẹ́ ẹ ò tíì gbé pẹ̀lú ẹrù.

Ọ̀nà tó rọrùn rèé. Pure water 20 ló máa ń wà nínú àpò kan, sẹ̀ǹtílítà 50 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lítà mẹ́wàá nìyẹn, ìyẹn bíi kílò mẹ́wàá. Ẹ ra àpò kan, ẹ fi ọ̀rá ńlá wé e kó má bàa bẹ́ sínú ọjà ọlọ́jà, ẹ kì í bọ inú báàgì, ẹ fi aṣọ há a mọ́ apá tó kan ẹ̀yìn.

Kó tó dórí ẹ̀yìn yín, ẹ gbá orí báàgì àti ìdí ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wá síra wọn. Báàgì tó ní eegun á kọ̀, á le. Èyí tí kò ní á ṣẹ́ po lójú ẹsẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ níbi tó kan ẹ̀yìn, ẹ wá irin tàbí ike náà, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó dé ibi tí bẹ́líìtì wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà kiri, fóòmù lásán ló wà níbẹ̀. Ẹ wo bẹ́líìtì fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní tìmùtìmù, kì í gbé ẹrù. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kí báàgì má fì.

Ẹ wá gbé e kọ́ ẹ̀yìn báyìí, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé:

1. Ẹ tú gbogbo okùn sílẹ̀ díẹ̀.
2. Ẹ kọ́kọ́ di bẹ́líìtì ìbàdí. Kí àárín fífẹ̀ ẹ̀ wà lórí eegun òkè ìbàdí gan-an, kẹ́ ẹ fà á le.
3. Ẹ fa okùn èjìká títí tó fi máa lẹ̀ mọ́ èjìká, kó má fún un.
4. Okùn kékeré méjì wà lókè èjìká tó lọ sí orí báàgì. Ẹ fà á díẹ̀ kí orí báàgì sún mọ́ yín.
5. Ẹ di okùn àyà kẹ́yìn. Kó má le débi pé mímí á nira.

Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gun àkàsọ̀ bó bá wà. Tẹ́ ẹ bá lè ki ìka méjì sábẹ́ okùn èjìká láì jà, ìbàdí ló ń gbé e. Tí èjìká bá ti ń gbóná, ẹ tún okùn fà, ẹ tún rìn. Tí kò bá yí padà, ẹ dá báàgì padà fún ọlọ́jà, ẹ dúpẹ́. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé kẹ́ ẹ má dán an wò, ẹ má bá a jà, ìsọ̀ ò tán l'Ọ́wọdé.

Ní ti ìwúwo, òdiwọ̀n kan wà tí àwọn tó ń rìn jìnnà máa ń lò: kí ẹrù pẹ̀lú báàgì má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara. Ẹni tó wọn kílò 60, kílò 12. Ẹni tó wọn 75, kílò 15. Ẹ má gbàgbé pé báàgì ńlá fúnra ẹ̀ lè wọn kílò kan ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀ kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun sí i.

AṢỌ, SÍÌPÙ ÀTI ÌRÁNṢỌ

Ẹ máa rí nọ́ńbà tí D wà lẹ́yìn ẹ̀: 210D, 420D, 600D. Ìwúwo òwú tí wọ́n fi hun aṣọ náà ló ń sọ: iye gíráàmù tí òwú náà bá wọn tó bá gùn ní mítà 9,000. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni òwú ń nípọn sí i. Ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù lágbára ju polyester lọ tí wọ́n bá jọ nípọn bákan náà. Polyester ní tiẹ̀ fara da oòrùn jù. Fún ìlò wa, ẹ wá aṣọ tó nípọn níbi ìdí báàgì, torí ibẹ̀ ló ń kan ilẹ̀, irin ọkọ̀ àti kọnkéré.

Ẹ ṣí síìpù, ẹ tì í, nígbà mẹ́wàá ó kéré tán. Síìpù ló sábà máa ń kú ṣáájú. YKK, iléeṣẹ́ Japan tó ti wà láti 1934, ni orúkọ tó lókìkí jù. Àmọ́ ayédèrú pọ̀, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ yín dán an, ẹ má fi ojú ka á nìkan. Báàgì tí orí ẹ̀ jẹ́ ìdérí tí wọ́n ń fi okùn fún dáa ju èyí tí síìpù gùn yí ká lọ. Okùn tó bá já, ẹ lè wá òmíràn so. Ibi tí ilẹ̀kùn síìpù bá ti ya, ẹrù yín wà níta.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa okùn èjìká níbi tí wọ́n ti rán an mọ́ báàgì. Ẹ fẹ́ rí ìránṣọ tó lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ìlà kan péré, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń rán bàtà kí wọ́n fi òwú líle fi kún un kẹ́ ẹ tó lò ó rárá. Owó kékeré nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí jíjá ẹ̀ máa dá sílẹ̀ ní garéèjì.

ÒJÒ, ỌYẸ́ ÀTI OÒRÙN

Lọ́dọ̀ wa níbí, bíi April sí October lòjò ń rọ̀, ọyẹ́ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ooru March. Báàgì tó máa lo ọdún kan gbọ́dọ̀ fara da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kò sí báàgì rírán tí òjò ò lè wọ̀, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ. Ojú abẹ́rẹ́ àti síìpù lomi ń gbà. Aṣọ òjò tí wọ́n fi ń bo báàgì dáa, ṣùgbọ́n kì í bo ẹ̀yìn tó kan ara yín, omi tó ń ṣàn lọ́rùn yín á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tó dájú jù ni pé kẹ́ ẹ tẹ́ ọ̀rá ńlá tó nípọn sínú báàgì, kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹrù sínú ọ̀rá náà, kẹ́ ẹ lọ́ ẹnu ẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ ká a wálẹ̀. Ìwé ẹ̀rí, fóònù àti kọ̀ǹpútà, ẹ tún fi ọ̀rá kejì wé wọn. Àgùnbánirọ̀ tí ìwé ìpè ẹ̀ bá rẹ nínú òjò kó tó dé Yikpata, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ àlàyé.

Lásìkò ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá síìpù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó gbọn eyín ẹ̀, kẹ́ ẹ fi àbẹ́là ra á kó lè máa yọ̀. Ní ti oòrùn, òun ló ń jẹ náílọ́ọ̀nù. Báàgì tẹ́ ẹ bá ń sá sórí wáyà lójoojúmọ́, àwọ̀ ẹ̀ á ṣí, òwú ẹ̀ á máa gbó, á sì máa ya bí ìwé.

TÒKUNBỌ̀ TÀBÍ TUNTUN?

Báàgì tòkunbọ̀ tó dáa lè lágbára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. L'Ékòó, ọ̀pọ̀ ń lọ sí Katangowa nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Inú ọ̀pọ̀ báàgì yìí ni wọ́n máa ń fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kùn kí omi má bàa wọlé. Tí báàgì bá pẹ́ níbi tó gbóná tó sì lọ́rinrin, rọ́bà yẹn á jẹrà. Ẹ fi ọwọ́ ra inú ẹ̀. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó ń bó bí awọ ejò, tàbí tó ń rùn bíi èébì, ẹ fi í sílẹ̀. Fífọ̀ ò lè wò ó sàn.

Ẹ tún wo àwọn ìdè ike tó ń dún "ká" tẹ́ ẹ bá tì wọ́n bọ ara wọn. Tí eyín ọ̀kan bá ti kán, ó ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi dúnàádúrà. Fóòmù bẹ́líìtì tó ti pẹlẹbẹ bí ìwé, tòun tán.

ÀWỌ̀ SỌ́JÀ: Ẹ MÁ DÁN AN WÒ

Nínú àwọn tòkunbọ̀, báàgì àwọn ológun pọ̀, wọ́n sì lágbára. Àmọ́ èyí tó bá ní àwọ̀ àdìpọ̀ ewé tí sọ́jà ń wọ̀, ẹ yẹra fún un. Òfin wa ò fàyè gba kí ará ìlú máa wọ aṣọ ológun láìgba àṣẹ, àwọn sọ́jà ojú ọ̀nà ò sì ní dúró gbọ́ pé báàgì lẹ gbé, ẹ ò wọ aṣọ. Ìrìn àjò tó ní ibùdó àyẹ̀wò mẹ́fà kì í ṣe ibi téèyàn ti ń ṣàlàyé òfin. Dúdú, búlúù, eérú, ó tó.

LÓRÍ Ọ̀KADÀ, NÍNÚ ỌKỌ̀ ÀTI NÍNÚ BÀÁLÙ

Lórí ọ̀kadà, okùn tó ń fì ló léwu jù. Bẹ́líìtì ìbàdí tí wọn ò dì lè wọ inú táyà tàbí ṣéènì. Ẹ dì í mọ́ ara tàbí kẹ́ ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn báàgì kẹ́ ẹ tó gùn. Ẹ bọ́ aṣọ òjò báàgì náà kúrò, torí atẹ́gùn á gbé e. Báàgì tó wúwo lẹ́yìn yín á máa fà yín sẹ́yìn nígbà tí ọlọ́kadà bá ṣíná lójijì. Tó bá ti ju kílò mẹ́wàá lọ, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni kẹ́ ẹ wọ̀. Owó tó lé ò tó owó oníṣègùn egungun.

Nínú ọkọ̀ èrò, kí owó, fóònù àti ìwé wà nínú àpò kékeré ní iwájú yín, kí báàgì ńlá lọ sí búùtù. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sínú báàgì, ẹ má kọ ọ́ síta.

Ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, ẹ mọ̀ pé báàgì lítà 60 kì í wọ ibi ìjókòó bàálù, abẹ́ ló ń lọ. Kílò 23 ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù máa ń gbà fún ẹrù kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ ki báàgì náà sínú Ghana Must Go tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ní pápákọ̀ má bàa gbá okùn ẹ̀ mú.

BÁ A ṢE Ń KÓ ẸRÙ SÍ I, ÀTI BÁ A ṢE Ń TỌ́JÚ Ẹ̀

Ohun tó fúyẹ́ tẹ́ ẹ ò ní nílò títí dalẹ́, bí aṣọ ìbora, ni kó wà nísàlẹ̀. Ohun tó wúwo, bí ìwé, omi àti oúnjẹ, kó wà ní àárín, kó súnmọ́ ẹ̀yìn yín pẹ́kípẹ́kí. Aṣọ fífúyẹ́ ni kó wà níta àti lókè, pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ máa fẹ́ mú kíákíá. Tẹ́ ẹ bá kó ohun wíwúwo síta, á máa fà yín sẹ́yìn ní gbogbo ọ̀nà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, omi tútù, ọṣẹ tí kò le àti kànìnkànìn ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ má fi bílíìṣì kàn án, ẹ má kó o sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ sá a síbòji títí á fi gbẹ dénú. Báàgì tó bá lọ sórí àjà pẹ̀lú omi lára, á bu, kò sì ní yéé rùn mọ́. Ẹ gbọn èérún búrẹ́dì àti gààrí kúrò nínú àpò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, eku ò mọ iye tẹ́ ẹ rà á. Ẹ fi ìwé ìròyìn àtijọ́ kún inú ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má fi sábẹ́ páànù tàbí sínú búùtù mọ́tò, ooru ibẹ̀ á jẹ rọ́bà inú ẹ̀.

KẸ́ Ẹ TÓ JÁDE NÍLÉ

Mi ò kọ iye owó kankan síbí torí pé tí mo bá kọ ọ́ lónìí, á ti yí padà lọ́la. Ohun tẹ́ ẹ máa mú dání lọ sọ́jà ni téèpù télọ̀, nọ́ńbà gígùn ẹ̀yìn yín lórí ìwé, ọ̀rá ńlá kan, àti owó àpò pure water kan. Ẹ wọn báàgì, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá eegun wà, ẹ fa síìpù, ẹ wo ìránṣọ, ẹ gbọ́ òórùn inú ẹ̀, ẹ gbé e pẹ̀lú ẹrù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí owó ò bá tó fún gbogbo ẹ̀, ẹ fi ọwọ́ rọ́ àwọ̀, orúkọ iléeṣẹ́ àti àpò kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ di eegun àti bẹ́líìtì mú. Aṣọ tó ya, télọ̀ á bá yín lẹ̀ ẹ́ l'Ọ́ffà níbí. Ẹ̀yìn tó bá ti ń dunni, oṣù mélòó kan ló ń gbà, kò sì ní jẹ́ kéèyàn sùn.